Ṣọ́ọ̀kì Télọ̀ Lábẹ́ Ìgbín

"A ò ta Ìgbín!"

Mo ti sọ ọ́ fún àkọ́bí mi kó tó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí mo mọ ohun tó bá wá. Ọ̀gá Ìkìlọ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ilé tuntun wò kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn kó wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bó bá fẹ́ jókòó sórí àga, á kọ́kọ́ mi ẹsẹ̀ àga náà wò. Èmi ni mo bí i, mi ò lè ní kò dáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, inú ń bí mi sí i kó tó la ẹnu.

Ìgbín lorúkọ tí a sọ ọkọ̀ wa. Bọ́ọ̀sì ńlá àtijọ́ ni, tí ọkọ mi fi ń kó èrò títí tó fi fẹ̀yìn tì. A rà á, a tú àga inú rẹ̀ dànù, a gbé bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, táńkì omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré kan sí i. Èmi ni mo rán kọ́tìnnì rẹ̀, torí télọ̀ ni mí. Bí ìgbín bá fà, ìkarawun a tẹ̀lé e: ibi yòówù tí a bá lọ, ilé wa ń bẹ lẹ́yìn wa.

Ọkọ mi ń jẹ́ Dẹ́rẹ́bà lẹ́nu mi láti ìgbà tó ti ń fẹ́ mi sọ́nà. Òun náà ń pè mí ní Abẹ́rẹ́. Lójú àwọn ọmọ, "ẹ" ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ku àwa méjèèjì, ọ̀rẹ́ ni wá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ń rí òjìji èèyàn, kò rí ojú èèyàn. Èmi ni mo wá ń wakọ̀ báyìí, òun á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa fi etí wò ó: "Abẹ́rẹ́, bọ́ sí jíà kẹta." Kì í ṣì í.

Àbígbẹ̀yìn wa lóyún, oṣù rẹ̀ ti pé. Òdìkejì òkè ló ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, kì í sì í wálé bọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ bí àkọ́kọ́, a gbéra lọ bá a, Ìgbín kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìdajì òkè. Mẹkáníìkì tí a gbé e fún kò de nọ́ọ̀tì kan dáadáa, gbogbo ọ́ìlì dà sọ́nà. Ọmọ mi dúró lójú fèrèsé, ó ń retí wa, títí ìrọbí fi mú un lóun nìkan. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ igbe ọmọ náà. Ó dùn mí wọ eegun. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé ẹnikẹ́ni tí kì í sùn nínú Ìgbín ò tún ní tú nǹkan kan lára rẹ̀, mo sì ní kí Dẹ́rẹ́bà kọ́ mi bí a ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná," ni Ọ̀gá Ìkìlọ̀ wí. "Màá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ èrò fún yín. Bàbá á wá sọ́dọ̀ mi títí ẹ ó fi dé."

"Kí baba ẹ máa fi orí gbá ògiri nínú ilé tí kò mọ̀? Èmi ń kọ́? Níbo ni màá sùn lọ́dọ̀ àbúrò ẹ, orí òrùlé?"

"Màmá, òkè yẹn ni mo ń wí. Ẹ rántí ibi tí mo ti wá kó yín. Bàbá dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ ńlá ń fẹ́ atẹ́gùn lù wọ́n, wọn ò mọ apá ibi tó ti ń bọ̀."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí inú túbọ̀ bí mi. Mo ní, "Lónìí ni mo fẹ́ tún ọkọ̀ mi ṣe. Bó o bá fẹ́, jókòó, kó o máa fi mí ṣe ìran wò."

Ó mi orí. "Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ jẹ́ ká tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ẹ́ńjìnnì di àárọ̀. Bí ọ́ìlì bá kán sí i, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ ó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ẹ ó wọ ọkọ̀ èrò, Bàbá á tẹ̀ lé mi lọ."

"Bí kò bá kán ń kọ́?"

"Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ìwọ? Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní sọ̀rọ̀ mọ́? Mo gbà! Dẹ́rẹ́bà, ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí."

"Mo gbọ́," ni Dẹ́rẹ́bà wí látorí àga rẹ̀. "Ṣé ìwọ náà gbọ́ ohun tó o gbà?"

"Mo gbọ́ ọ ketekete."

Mo wọ aṣọ iṣẹ́ Dẹ́rẹ́bà àtijọ́, tí mo ti gé kúrú, tí mo sì fún ní ìbàdí. Mo fi igi dí táyà níwá lẹ́yìn. Mo so kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́ okùn, mo fi í kọ́rùn, torí bí mo bá wà lábẹ́ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lè ṣáná sí i. Dẹ́rẹ́bà jókòó sórí àtẹ̀gùn Ìgbín, ó na aṣọ tí mo rán fún àwọn sípánà rẹ̀ sórí itan. Àpò ni mo rán jọ lára rẹ̀, sípánà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, kékeré lápá òsì, ńlá lápá ọ̀tún. Bí mo bá dárúkọ èyí tí mo fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti bà á kí n tó pa ẹnu dé.

Bí mo ṣe ń ránṣọ ni mo ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe. Télọ̀ gidi kì í sáré gbé aṣọ sábẹ́ maṣíìnì. Á kọ́kọ́ fi òwú ńlá so ó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà: màá fi ìka wé nọ́ọ̀tì wọlé ná, kí n mọ̀ pé ó wọ ojú ọ̀nà rẹ̀, kí n tó gbé sípánà lé e. Ìgbà tí sípánà bá dè é le tó bó ṣe yẹ, màá wá fa ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń gé aṣọ, ìlà kan ṣoṣo, láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin tó jókòó lé. Bí nọ́ọ̀tì bá yí fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìlà á já sí méjì, wàá sì rí i. Dẹ́rẹ́bà ló kọ́ mi ní sípánà. Ṣọ́ọ̀kì, tèmi ni.

A kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ká tó pa á. Mo tú nọ́ọ̀tì tó dí ihò ọ́ìlì nísàlẹ̀, ọ́ìlì dúdú ya sínú bàsíà. Mo tú asẹ́ rẹ̀, mo fi ìka wá rọ́bà àtijọ́ kó má lọ lẹ̀ mọ́ ara irin, mo fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà tuntun lẹ́nu, mo dè é padà, mo fa ṣọ́ọ̀kì. Mo fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì, ó le dáadáa. Mo da omi gbígbóná sórí bátìrì níbi tó ti hu funfun, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo de orí rẹ̀ méjèèjì, mo fa ṣọ́ọ̀kì. Mo wọ inú ilé ọkọ̀ lọ, mo fi ìfófò ọṣẹ pa ara ọ̀pá gáàsì sítóòfù. Kò hó níbì kankan. Mo ń kọrin. Ara mi yá gágá, mi ò ní parọ́.

Ọ̀gá Ìkìlọ̀ ń lóṣòó kiri pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. "Màmá, ṣé èyí ò jò?" "Màmá, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

"Bó ò bá kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ mi, màá fi ọ́ìlì kùn ẹ́ lójú!"

Ó ku nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì àtijọ́ ti kán tán. Mo nu ojú ihò, mo fi ìka wé nọ́ọ̀tì wọlé títí tó fi kanlẹ̀, mo na ọwọ́ jáde. Dẹ́rẹ́bà gbé sípánà lé mi lọ́wọ́. Fóònù dún nínú ọkọ̀.

Àbígbẹ̀yìn ni. Mo fi sípánà sílẹ̀, mo yọ́ jáde, Dẹ́rẹ́bà gbé aṣọ sípánà kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó bá mi wọlé.

"Màmá, ẹ̀yìn ń ro mí."

"Ṣé ó ń wá tó ń lọ ni, àbí ojú kan ló wà?"

"Ojú kan ló wà."

"Kò tíì yá. Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. A ń bọ̀."

"Ẹ̀yin àti Bàbá?"

"Èmi àti Bàbá àti Ìgbín."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó rí bíi ti àkọ́kọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Mo ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Etí mi méjèèjì yìí ni màá sì fi gbọ́ ọ, kì í ṣe fóònù." Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbé fóònù sílẹ̀, mo nu ojú mi, mo dìde.

Nígbà tí mo padà sábẹ́ ọkọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì yí ká. Ṣọ́ọ̀kì wà lórí gbogbo rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo bi Dẹ́rẹ́bà bóyá sípánà pé. Ó fi ọwọ́ yẹ àpò kọ̀ọ̀kan wò. "Ó pé pérépéré." Mo ní ó tán nìyẹn. Mo rọ ọ́ìlì tuntun, mo wo gééjì, mo ṣáná sí i. Dẹ́rẹ́bà dẹ etí sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. A pa á, a tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀, mo sì sùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ní àárọ̀, ọ́ìlì wà lórí páálí, ó fẹ̀ tó ẹnu kọ́ọ̀bù tíì.

Ọ̀gá Ìkìlọ̀ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi. Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo gbé e lé e lọ́wọ́, torí ẹnu mi ni mo fi gbà. Ó wọlé lọ po tíì fún ara rẹ̀, kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù baba rẹ̀. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ló ń dùn mí. Fèrèsé yẹn ni mo ń rí, àti ọmọ mi tó dúró síbẹ̀.

"Abẹ́rẹ́," ni Dẹ́rẹ́bà pè mí láti orí àtẹ̀gùn. "Ọ́ìlì kì í sunkún lásán. Wọ abẹ́ rẹ̀, lọ wo ojú tó ti ń sun ún."

Mo wọlé. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ló tutù. Mo fi ìka kàn án, ó sì yí. Pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lórí rẹ̀! Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ní ṣé ọjọ́ ogbó ti ń bá mi ṣeré ni? Ṣọ́ọ̀kì mi kì í parọ́. Mo wá sún mọ́ ọn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìlà tèmi máa ń ti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin. Orí nọ́ọ̀tì nìkan ni èyí wà. Wọ́n sì fà á lẹ́ẹ̀mejì, ìlà lórí ìlà, ó gún régé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé yìí tó ń fa ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ti ilé ìwé dé sí ṣọ́ọ̀bù mi, iṣẹ́ tí mo fún un ni pé kó máa tún ìlà tó bá ti ń pa rẹ́ lára aṣọ fà. Èmi ni mo kọ́ ọ: "Ibi tó bá ti rẹ́, tún un fà, kó o sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó lè pẹ́."

"Ọ̀gá Ìkìlọ̀! Jáde wá síbí!"

Ó sáré jáde pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́.

"Ta ló fa ṣọ́ọ̀kì sí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, nígbà tẹ́ ẹ ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Gbogbo ìyókù ló ní ṣọ́ọ̀kì, tiẹ̀ nìkan ni kò ní. Mo rò pé ọ́ìlì ló pa á rẹ́." Ó tọ́ka sí aṣọ sípánà. "Mo tún bá yín dá sípánà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ padà sínú àpò rẹ̀. Kí ló dé?"

Dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. "Yéè! Ọmọ télọ̀! Ọmọ télọ̀ pa wá o!"

Èmi ò tíì lè rẹ́rìn-ín. Mo yọ́ jáde, mo dúró níwájú rẹ̀. "Mi ò tíì gbé sípánà lé e nígbà tí fóònù dún. Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún mi pé mo ti dè é. Ìwọ tó ò ń yẹ iṣẹ́ wò káàkiri ìlú, o wá sílé, o buwọ́ lu iṣẹ́ tí kò tíì parí!"

Ó yé e nígbà náà. Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Ká ní ẹ gbéra lánàá…"

"Ìdajì òkè."

Ó jókòó sórí ilẹ̀, òun tí kì í jókòó láìgbọn àga. "Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, Màmá. Inú mi ò tiẹ̀ dùn sí i pé kẹ́ ẹ pàdánù. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Gbogbo ìgbà tí fóònù mi bá dún, ẹ̀bá ọ̀nà yẹn ni mo máa ń rí yín, ẹ̀yin àti Bàbá." Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Gbogbo ìbínú mi tán síbẹ̀. Ọmọ mi ni, ó fẹ́ràn wa, kò kàn mọ bó ṣe máa sọ ọ́ láìfi ìkìlọ̀ sí i ni. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kún ọwọ́ mi, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

Mo ní, "Dìde. Ọwọ́ tó fa ṣọ́ọ̀kì ni yóò de nọ́ọ̀tì. Wọ abẹ́ ọkọ̀."

"Pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Ṣé mo ní kó o bọ́ ọ ni?"

Ó wọlé. Ọ́ìlì kán sí i níwájú orí, ó kígbe, Dẹ́rẹ́bà tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Baba gbé sípánà lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Dè é títí yóò fi kọ̀ fún ẹ. Tó bá ti kọ̀, fi í sílẹ̀, má fi agbára bá a jà." Mo gbọ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Ìlà kan, láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin. Ẹ̀ẹ̀kan péré!" Nígbà tó jáde, èmi náà wọlé, mo fi sípánà tọ́ gbogbo nọ́ọ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba ṣọ́ọ̀kì gbọ́ mọ́, kódà tèmi, láìfi sípánà bi nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀.

A bu ọ́ìlì díẹ̀ sí i, a ṣáná sí i, a pa á, a tẹ́ páálí tuntun. Kò tíì pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ tí fóònù tún fi dún.

"Màmá," ni Àbígbẹ̀yìn wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó ti ń wá, ó sì ń lọ."

Mo wo Ọ̀gá Ìkìlọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀. Di àárọ̀ ni àdéhùn wa, oòrùn ọ̀sán kò sì tíì dé orí. Ó wo páálí. Ó tún dùbúlẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó fi ìka kan nọ́ọ̀tì náà, ó jáde. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́ mi lọ́rùn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí.

"Àwa wo?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti ká páálí náà dání."

Ìgbín gun òkè yẹn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Mo wà á ní jíà kejì, mo di sítẹrì mú, mi ò wò sẹ́yìn. A sún mọ́ ibi tó kú sí nígbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá Ìkìlọ̀ na ọrùn láàárín wa, ó ń wo iná ọ́ìlì bóyá yóò tàn. Dẹ́rẹ́bà di ojú, ó tẹ́tí sílẹ̀.

"A ti kọjá ibẹ̀," ló wí. "Bọ́ sí jíà kẹta, Abẹ́rẹ́."

Ojú fèrèsé ni ọmọ mi wà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi rẹ̀ mú. Mi ò ráyè pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. Bí mo ṣe wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti ọ́ìlì lọ́wọ́, ó gbé orí lé mi léjìká. "Mo ti ń gbọ́ dídún rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títì," ló wí, ó sì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Mo fọ ọwọ́ mi, a ránṣẹ́ pe agbẹ̀bí, mo sì dúró tì í títí ó fi bí ọmọkùnrin kan, kí oòrùn tó wọ̀. Mo gbóhùn ìyá, mo gbóhùn ọmọ. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọmọ náà lọ́wọ́, Dẹ́rẹ́bà ń fi ìka wá imú rẹ̀ kó lè mọ ẹni tó jọ. Ọ̀gá Ìkìlọ̀ já wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti di dúdú, ó gbé páálí sókè. "Màmá! Ó gbẹ! Ẹ wò ó, kò sí ẹyọ kan lórí rẹ̀, mo ti yí i síwá sẹ́yìn!"

"Rọra," ni mo wí. "Ọmọ ń sùn. Ṣebí ìwọ lo ní o ò ní sọ̀rọ̀ mọ́? Gbé páálí sílẹ̀, wá gba ọmọ àbúrò ẹ."

Ó pa ẹnu dé lóòótọ́. Ó wá aṣọ mímọ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó na ọwọ́ sí i.